Ìdójútòfò Kẹ̀kẹ́ àti Alùpùpù Lọ́wọ́ Olè àti Ìbàjẹ́: Àlàyé fún Olùgbé Obbo-Ilé àti Agbègbè Rẹ̀

Ìdójútòfò, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí ínṣọ́ránsì, ni àdéhùn tí ènìyàn bá ilé-iṣẹ́ tí ó ní ìwé àṣẹ ṣe pé òun yóò san iye owó kan sílẹ̀, kí ilé-iṣẹ́ náà sì gbé ẹrù òfò rẹ̀ bí ohun ìní rẹ̀ bá sọnù tàbí tí ó bàjẹ́ nípasẹ̀ ohun tí àdéhùn náà dárúkọ. Apá tí ó kẹ́yìn nínú gbólóhùn yìí ni ó yẹ kí olùgbé ìpínlẹ̀ yìí dì mú. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò kì í sanwó nítorí pé nǹkan sọnù lásán. Ó ń sanwó nítorí pé ó sọnù ní ọ̀nà tí wọ́n ti kọ sínú ìwé.

Ní Obbo-Ilé, Òsì, Ìlọ́fà àti àwọn ìletò tí ó wà láàárín wọn, kẹ̀kẹ́ ológeere àti alùpùpù kì í ṣe ohun ìṣeré. Àwọn ni wọ́n ń gbé iṣu àti gaàrí láti abà dé ọjà, àwọn ni wọ́n ń gbé akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ilé-ìwé, orí wọn sì ni ọlọ́kadà ti ń rí owó oúnjẹ òòjọ́. Ẹni tí olè bá gbé alùpùpù rẹ̀ lọ lóru lè jí láàárọ̀ kí ó bá iṣẹ́ àti gbèsè papọ̀ ní ẹnu ọ̀nà, pàápàá bí ó bá jẹ́ pé àwìn ni ó fi rà á. Nítorí náà ni àlàyé yìí ṣe kó kẹ̀kẹ́ àti alùpùpù pọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni òfin fi ń wò wọ́n.

Ìwé tí ọlọ́pàá ń béèrè kò kan olè

Àṣìṣe kan wà tí ó ti mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn sọkún nígbà tí ó ti bọ́. Wọ́n ní ìwé ìdójútòfò nínú àpò, wọ́n sì gbà pé bí wọ́n bá jí alùpùpù wọn, ìwé náà yóò dá owó rẹ̀ padà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé tí òfin fi dandan lé, tí ọlọ́pàá sì ń béèrè lójú ọ̀nà, ni ìdójútòfò ẹni kẹta. Ẹni kìíní ni ẹni tí ó ni alùpùpù. Ẹni kejì ni ilé-iṣẹ́ adójútòfò. Ẹni kẹta ni aláìmọwọ́mẹsẹ̀ tí alùpùpù náà gbá, tàbí tí ó ba ohun ìní rẹ̀ jẹ́. Ẹni kẹta yìí nìkan ni wọ́n ń sanwó fún. Bí olè bá gbé alùpùpù yín, tàbí tí ẹ fi kọlu igi tí iwájú rẹ̀ sì fọ́, ìwé náà kò ní kọ́bọ̀ kan fún yín.

Òfin ìdójútòfò ẹni kẹta kì í ṣe tuntun. Ìjọba amúnisìn ni ó ṣe é ní 1945, ìlò rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ní 1950. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejì 2025, Iléeṣẹ́ Ọlọ́pàá Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ìwé náà wò jákèjádò orílẹ̀-èdè. Ní ọdún 2025 kan náà ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí òfin tuntun lórí iṣẹ́ ìdójútòfò, èyí tí ó rọ́pò òfin ti 2003. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2023, iye tí NAICOM, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ó ń ṣàkóso iṣẹ́ yìí, fi lélẹ̀ fún ìdójútòfò ẹni kẹta jẹ́ ₦3,000 lọ́dún fún alùpùpù àti ₦5,000 fún kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Fún ₦3,000 yìí, ilé-iṣẹ́ lè san tó ₦1,000,000 lórí ohun ìní ẹlòmíràn tí alùpùpù náà bà jẹ́.

Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ìwé rẹ̀ kan olè ní láti béèrè fún oríṣi méjì mìíràn. Àkọ́kọ́ ni èyí tí ó so ẹni kẹta pọ̀ mọ́ iná àti olè: wọn yóò sanwó bí alùpùpù bá jóná tàbí tí wọ́n jí i, ṣùgbọ́n wọn kò ní tún un ṣe bí ẹ bá fi subú. Èkejì ni ìdójútòfò kíkún, tí ó kan olè, iná àti ìbàjẹ́ ìjàǹbá. NAICOM ti pàṣẹ pé iye ìdójútòfò kíkún kò gbọdọ̀ dín sí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún iye ọkọ̀. Bí àpẹẹrẹ, bí alùpùpù bá tó ₦1,000,000, owó ọdún kan kò ní dín sí ₦50,000. Owó ńlá ni fún àgbẹ̀, kò sì sí ìdí láti fi pamọ́. Kì í sì í ṣe gbogbo ilé-iṣẹ́ ni ó ń fẹ́ gba alùpùpù agbérò. Àwọn mìíràn yóò gba ti ẹni tí ó ń gùn ún lọ síbi iṣẹ́, wọn yóò sì kọ ti ọlọ́kadà. Ẹ má ṣe tìtorí èyí pa irọ́ pé ẹ kì í gbérò. Bí ó bá di ọjọ́ òfò tí wọ́n sì mọ̀ pé agbérò ni, gbogbo owó tí ẹ ti san yóò wọgbó.

Kẹ̀kẹ́ ológeere

Kẹ̀kẹ́ tí a ń fi ẹsẹ̀ wà kò ní ẹ́ńjìnnì, nítorí náà kò sí òfin tí ó fi dandan lé ìdójútòfò rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ohun tí Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè ti 1999 sọ nípa rẹ̀ wà ní Àfikún Kẹrin, níbi tí ó ti fi fífún kẹ̀kẹ́, bárò, ọmọlanke àti ọkọ̀ ojú omi kékeré ní ìwé àṣẹ sí ara iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Àwọn àgbà mìíràn ṣì lè rántí ìgbà tí a ń san owó láísẹ́ńsì kẹ̀kẹ́ lọ́dọọdún. Ìwé àṣẹ kì í ṣe ìdójútòfò. Ó ń fi hàn pé ìjọba mọ̀ nípa kẹ̀kẹ́ náà ni, kò sì ní dá owó rẹ̀ padà. Ní orílẹ̀-èdè Switzerland, títí di òpin 2011, olúkúlùkù ẹni tí ó ń gun kẹ̀kẹ́ ní láti ra àmì kékeré kan lẹ̀ mọ́ ọn, àmì náà sì jẹ́ ìdójútòfò. Síbẹ̀, ìdójútòfò ẹni kẹta ni òun náà: bí wọ́n bá jí kẹ̀kẹ́ náà, àmì rẹ̀ bá a lọ ni.

Ọ̀nà tí ó wọ́pọ̀ jù lọ tí kẹ̀kẹ́ fi ń wọ inú ìdójútòfò lọ́dọ̀ wa ni kí a kà á mọ́ ẹrù inú ilé. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò ní irú àdéhùn kan tí ó kan gbogbo ohun tí ó wà nínú ilé ènìyàn: bẹ́ẹ̀dì, tẹlifísọ̀n, fíríìjì, aṣọ. Kẹ̀kẹ́ lè wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ní láti dárúkọ rẹ̀, kí ẹ sì kọ iye rẹ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. Àléébù ọ̀nà yìí ni pé inú ilé ni ó ti lágbára. Ní kété tí kẹ̀kẹ́ bá ti jáde lọ sí oko tàbí ọjà, àdéhùn ẹrù inú ilé kì í sábà tẹ̀ lé e. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ìdójútòfò bá kẹ̀kẹ́ rẹ̀ rìn gbọ́dọ̀ béèrè fún àdéhùn mìíràn tí ó kan ewu gbogbo níbikíbi, èyí sì gbówó lórí ju ti inú ilé lọ.

Kí olùgbé Obbo-Ilé tó fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí ó béèrè nípa ohun mẹ́ta kan tí wọ́n kan agbègbè wa gan-an. Ohun àkọ́kọ́ ni ògiri ilé. Ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn gbà pé bíríkì, òkúta tàbí búlọ́ọ̀kù ni a fi mọ ilé náà, pé páànù tàbí irú rẹ̀ ni a sì fi bò ó. Bí ilé yín bá jẹ́ ilé alámọ̀, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá dákẹ́, wọn lè fi ìdákẹ́ yín dá owó dúró. Ìkejì ni ilé tí ó ṣófo. Àwọn ọmọ ìlú tí wọ́n ń gbé ní Ìlọrin, Èkó tàbí òkè òkun máa ń kọ́ ilé sílé, wọ́n a sì máa wá síbẹ̀ ní ọdún nìkan. Ìdójútòfò olè sábà máa ń dúró bí ilé bá ti wà láìsí ènìyàn nínú rẹ̀ fún iye ọjọ́ kan, bí 30, àyàfi bí ilé-iṣẹ́ bá gbà bẹ́ẹ̀ nínú ìwé. Ìkẹta ni iná ìgbẹ́. Ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí a ń sun oko, iná lè fò dé abà kí ó sì jó kẹ̀kẹ́ tí a fi ti ara ògiri. Àdéhùn ìdójútòfò iná lásán kì í kan iná ìgbẹ́. Wọ́n ní láti fi kún un ní ìkọ̀wé. Bákan náà ni ìjì tí ó máa ń ká òrùlé nígbà àkọ́rọ̀ òjò. Àfikún wọ̀nyí kì í wọ́n púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá béèrè kì í sábà rí wọn gbà.

Irú olè tí wọ́n ń sanwó fún

Nínú èdè ojoojúmọ́, olè ni olè. Nínú ìwé ìdójútòfò, ìyàtọ̀ pọ̀. Àdéhùn olè fún ilé tàbí ṣọ́ọ̀bù sábà máa ń sọ pé olè náà gbọ́dọ̀ fi agbára wọlé tàbí jáde: kí ó já ilẹ̀kùn, kí ó ṣẹ́ àgádágodo, kí ó gé irin fèrèsé. Bí kẹ̀kẹ́ bá wà ní ìta láìsí kọ́kọ́rọ́ lára rẹ̀ nígbà tí oní-kẹ̀kẹ́ wọlé lọ mu omi, tí ẹni kan sì gùn ún lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, olè ni lójú gbogbo ayé, ṣùgbọ́n kò sí àmì agbára kankan. Àdéhùn bẹ́ẹ̀ kò ní sanwó.

Èyí tí ó tún le jù ni ti ẹni tí a fọkàn tán. Ó wọ́pọ̀ ní àgbègbè wa pé kí ẹni tí ó ní owó ra alùpùpù, kí ó gbé e fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan pé kí ó máa fi ṣiṣẹ́, kí ó sì máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí alùpùpù yóò fi di tirẹ̀. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin náà bá gbé alùpùpù sá lọ, àwọn adójútòfò kì í kà á sí olè; wọn yóò sọ pé ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́. Bákan náà ni bí ìbátan inú ilé tàbí òṣìṣẹ́ yín bá jí i. Ẹni tí ó ń ṣe irú òwò yìí gbọ́dọ̀ ṣàlàyé rẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ó béèrè bóyá wọn yóò gbà á. Bí wọn kò bá gbà, onídùúró gidi àti ìwé àdéhùn tí a kọ níwájú ẹlẹ́rìí ni ààbò tí ó kù.

Wọn kì í sì í sanwó fún ohun tí ìlò jẹ: táyà tí ó gbó, ṣéènì tí ó já, ìpata, tàbí bátìrì tí ó kú. Bí wọ́n bá yọ ìjókòó tàbí táyà kan lára kẹ̀kẹ́ tí wọ́n sì fi ìyókù sílẹ̀, ọ̀pọ̀ àdéhùn kò ka ìyẹn náà.

Iye tí ẹ kọ sílẹ̀

Àwọn kan máa ń dín iye kẹ̀kẹ́ wọn kù nínú ìwé kí owó tí wọn yóò san lè kéré. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kan. Ká ní kẹ̀kẹ́ kan tó ₦160,000, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni í kọ ₦80,000. Ọkọ̀ kan gbá a níbi tí wọ́n gbé e sí, àtúnṣe rẹ̀ sì jẹ́ ₦40,000. Oní-kẹ̀kẹ́ yóò rò pé wọn yóò san ₦40,000 náà pé, nítorí kò tó ₦80,000. Ṣùgbọ́n ìdajì iye kẹ̀kẹ́ ni ó dójútòfò, nítorí náà ìdajì òfò ni wọn yóò san: ₦20,000. Bí ìwé àdéhùn bá tún sọ pé oní-nǹkan ni yóò gbé ₦5,000 àkọ́kọ́ nínú òfò èyíkéyìí, iye tí yóò dé ọwọ́ rẹ̀ yóò tún dín sí i.

Bíbu iye rẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ kò sì ní èrè. Iye tí kẹ̀kẹ́ tó ní ọjọ́ tí ó sọnù ni wọ́n ń san, kì í ṣe iye tí ẹ fi rà á ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, àyàfi bí ìwé bá sọ pé tuntun ni wọn yóò fi rọ́pò rẹ̀. Nítorí èyí, a kò ní fi dandan sọ pé kí ẹni tí ó ní ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo lọ dójútòfò rẹ̀. Ìrìn àjò sí Ìlọrin láti lọ béèrè fún owó òfò lè gba ìdá púpọ̀ nínú owó náà. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, àgádágodo tí ó nípọn àti ìwọ̀n ṣéènì irin kan lè wúlò jù.

Kí olè tó dé

Ohun tí ó ń mú kí wọ́n sanwó tàbí kí wọ́n kọ̀ kì í sábà jẹ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn olè, ìmúrasílẹ̀ ni. Ẹ tọ́jú rìsíìtì tí ẹ gbà nígbà tí ẹ rà á. Bí ẹ bá rà á lọ́wọ́ ẹni tí ó ti lò ó, ẹ jẹ́ kí ó kọ ìwé fún yín, kí ẹlẹ́rìí fọwọ́ sí i. Ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀: ti kẹ̀kẹ́ sábà máa ń wà lábẹ́ ibi tí pẹ́dà méjèèjì ti so pọ̀, tàbí lára ọ̀pá tí ó gbé ìjókòó dúró, ti alùpùpù wà lára irin ọrùn rẹ̀, lẹ́bàá ibi tí a ń dì mú yí ojú rẹ̀, èkejì sì wà lára ẹ́ńjìnnì. Ẹ yà á ní fọ́tò, ẹ sì fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí ọmọ yín tàbí ẹlòmíràn, nítorí pé fóònù náà lè bá olè lọ.

Ọ̀rọ̀ àgádágodo kò kéré. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ìdójútòfò kẹ̀kẹ́ ti gbilẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ní ìlànà pé àgádágodo tí àjọ Sold Secure ti dán wò nìkan ni àwọn mọ̀, àti pé ohun tí kò ṣeé gbé ni a gbọ́dọ̀ fi kẹ̀kẹ́ dè mọ́. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń gbé níbẹ̀ mọ èyí dáadáa. Níhìn-ín pẹ̀lú, bí ìwé yín bá sọ pé kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ wà ní títì, kí ẹ ti ìwájú táyà rẹ̀ pa nìkan kò tó. Ẹ dè é mọ́ òpó tàbí igi, kí ẹ sì kó kọ́kọ́rọ́ méjèèjì pamọ́. Wọ́n lè béèrè fún wọn.

Ẹ rí i dájú pé ojúlówó ni ìwé tí wọ́n fún yín. Fún alùpùpù, ẹ lè tẹ *565*11# lórí fóònù, kí ẹ sì fi nọ́ńbà ọkọ̀ wò ó bóyá ó wà nínú àkọsílẹ̀ àwọn adójútòfò. Ìwé tí wọ́n tà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà fún iye tí ó kéré sí ti NAICOM kò yẹ kí ó wà lọ́wọ́ ẹni tí ó bẹ̀rù òfin. Ẹ sì rántí pé òfin kò fàyè gba àwìn nínú iṣẹ́ yìí: bí owó kò bá tíì dé ọwọ́ ilé-iṣẹ́, kò sí ìdójútòfò, bí aṣojú tilẹ̀ ti ṣèlérí.

Bí òfò bá ṣẹlẹ̀

Àgọ́ ọlọ́pàá ni ibi àkọ́kọ́, ní ọjọ́ náà gan-an bí ó bá ṣeé ṣe. Ẹ gba ìwé ìjábọ̀ tí nọ́ńbà kẹ̀kẹ́ tàbí alùpùpù wà nínú rẹ̀. Ẹ sọ fún ilé-iṣẹ́ ní ìkọ̀wé láàárín iye ọjọ́ tí àdéhùn sọ, kí ẹ sì mú ẹ̀dà ìwé náà lọ́wọ́. Ìpè orí fóònù nìkan kò tó. Wọ́n lè tún béèrè fún ìwé ìbúra láti ilé-ẹjọ́. Bí ó bá jẹ́ ìbàjẹ́, ẹ má ṣe gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kí ẹni tí ilé-iṣẹ́ rán wá tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má ju àgádágodo tí wọ́n ṣẹ́ nù: ẹ̀rí ni. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ sanwó, wọn yóò fún yín ní ìwé kan láti fọwọ́ sí pé iye tí wọ́n dá tẹ́ yín lọ́rùn, pé ẹ kò sì ní béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ka iye tí ó wà níbẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Ẹni tí kò bá mọ̀wé, kí ó mú ọmọ tàbí olùkọ́ tí ó fọkàn tán dání.

Bí ilé-iṣẹ́ bá kọ̀ láti sanwó láìsí ìdí, tàbí tí ó ń fi òní dónìí, fọ̀la dọ́la, NAICOM ní ẹ̀ka tí ó ń gba ẹ̀sùn ní olú iléeṣẹ́ rẹ̀ ní Garki, Àbújá. Ẹ fi ẹ̀dà gbogbo ìwé yín ránṣẹ́ pẹ̀lú ẹ̀sùn náà, kí ẹ sì fi ojúlówó wọn pamọ́ sílé.

Àpapọ̀ ọwọ́

Ní ìlú tí ó bá jìnnà sí ọ́fíìsì àwọn adójútòfò, ọ̀nà tí a rò pé ó rọrùn jù ni kí àwọn ènìyàn lọ papọ̀. Ogún ọlọ́kadà tàbí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àwọn àgbẹ̀ lè pe aṣojú kan wá sí Obbo-Ilé tàbí Òsì. Ẹnìkan ṣoṣo kò lè pè é kó wá. Àwọn ilé-iṣẹ́ ìdójútòfò kékeré tí NAICOM fún láṣẹ wà fún irú àwọn ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Tàkáfúlù náà wà, èyí tí NAICOM gbé ìlànà rẹ̀ jáde ní 2013: àwọn tí ó wọ inú rẹ̀ ń dá owó sínú àpò kan láti ran ara wọn lọ́wọ́, kò sì sí èlé nínú rẹ̀. Kò pọn dandan kí ènìyàn jẹ́ Mùsùlùmí kí ó tó lè wọ̀ ọ́.

Àjọ tí ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ ń dá fún ẹni tí ó bá pàdánù alùpùpù dára, ó sì yára ju ti ilé-iṣẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n bí olè bá gbé mẹ́ta ní oṣù kan, àpò náà lè gbẹ, kò sì sí àjọ ìjọba kan tí ẹ lè mú ẹ̀sùn rẹ̀ lọ bá. Bí ẹgbẹ́ bá fi èyí ṣe ààbò, kí wọ́n kọ iye tí wọn yóò san àti ìgbà tí wọn yóò san án sílẹ̀ kí òfò tó dé.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í retí. Bí ọlọ́pàá bá rí kẹ̀kẹ́ tàbí alùpùpù náà lẹ́yìn tí ilé-iṣẹ́ ti san owó rẹ̀ pé, ilé-iṣẹ́ ni ó ni ín. Ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún wọn pé a ti rí i. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ padà, ẹ lè bá wọn dúnàádúrà láti rà á.